Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Lórí Mọ́tò Ọjà

Ọ̀rọ̀ ìwé àkọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó àti ọ̀rọ̀ ìpàdé gbogbogbòò ni a sábà máa ń bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni a gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá pé kí ló kan olùbẹ̀wò ẹgbẹ́ kan ẹrù orí mọ́tò. Inú ìwé ẹ̀yáwó ni a ti bá a pàdé.

Ògbóòró ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí. A lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò níbẹ̀. A ń ṣí ìwé náà lọ ní ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, a sì dé orí ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó yá owó láti ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irú èyí tí a ń fi ọwọ́ wà. Oṣù márùn-ún àkọ́kọ́, ó san owó rẹ̀ pé, kò fi ọjọ́ kan falẹ̀. Oṣù kẹfà, òfìfo. Oṣù keje, òfìfo. Ní ẹ̀gbẹ́ oṣù kẹjọ ni akọ̀wé fi bírò pupa kọ ọ́ sí pé: “Kẹ̀kẹ́ bàjẹ́ lórí mọ́tò.” Ó pẹ́ tí a ti ń yẹ ìwé wò. A ti rí “òjò kò rọ̀”, a ti rí “ó lọ sìnkú àna rẹ̀”, a ti rí “màlúù jẹ oko”. A kò rí irú eléyìí rí. A ní kí wọ́n bá wa pe onítọ̀hún.

Obìnrin ni. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú un ní ẹsẹ̀ méjèèjì láti kékeré. Èlùbọ́ ni ó ń tà. Kí ó tó ra kẹ̀kẹ́ yìí, bí mọ́tò bá já a sílẹ̀ ní Ṣakí, ó di kí ó san owó fún ọlọ́mọlanke kí ó tì í wọ inú ọjà. Bí kò bá rí ọlọ́mọlanke, etí gáréèjì ni yóò jókòó sí. Àwọn alárọ̀bọ̀ á wá bá a níbẹ̀, iye tí wọ́n bá sì dá lé èlùbọ́ rẹ̀ náà ni yóò gbà, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò lè rìn wọ inú ọjà lọ wádìí iye tí wọ́n ń tà á. Kẹ̀kẹ́ yìí ni ó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó ń wọ ọjà fúnra rẹ̀, ó ń bèèrè fúnra rẹ̀, ó sì ń tà ní iye tí ojú ọjà wí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí sísan ẹ̀yáwó kò fi ni ín lára fún oṣù márùn-ún. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kò lè wúlò fún un ní Ṣakí bí kò bá bá a dé Ṣakí.

Ní ọjọ́ ọjà kan, mọ́tò ti kún. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà dùbúlẹ̀ lórí mọ́tò, wọ́n ki okùn bọ àárín àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tí a ń pè ní sípóòkì, wọ́n sì fà á le. Lẹ́yìn náà ni èrò mìíràn tún kó iṣu dé, wọ́n sì tò ó lé e lórí. Nígbà tí wọn yóò fi dé Ṣakí, ẹsẹ̀ iwájú ti ká kò bí ewé kókò tí oòrùn pa, irin tí ó ń fi ọwọ́ yí ti tẹ̀ wọlé, ṣéènì kò sí níbẹ̀ mọ́. Awakọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé, “Màmá, ẹ má bínú. Ẹrù ni, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹrù ẹnikẹ́ni.” Ó dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, ẹrù kọ́. Ẹsẹ̀ mi ni.”

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti pinnu kí a tó dé. Wọ́n fẹ́ gba kẹ̀kẹ́ náà, kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí àwọn onídùúró méjèèjì sì san ìyókù. Ìwé òfin ẹgbẹ́ wọn fún wọn láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀, a kò sì sọ pé wọ́n rú òfin. Ohun tí a bi wọ́n ni pé, nígbà tí ẹ ń fọwọ́ sí ẹ̀yáwó yìí, ta ni ó bèèrè bí kẹ̀kẹ́ náà yóò ṣe máa dé ọjà? Kò sí ẹni tó dáhùn. Wọ́n bèèrè iye kẹ̀kẹ́, wọ́n bèèrè onídùúró, wọ́n bèèrè iye àpò èlùbọ́ tí ó ń tà lóṣù. Wọn kò bèèrè ọ̀nà. A ní kí wọ́n fún wa ní àyè títí di ìbẹ̀wò tó ń bọ̀, kí a lè ronú sí i. Ohun tí a rò tí a sì rí ni a ń kọ sí ìsàlẹ̀ yìí, nítorí ó dá wa lójú pé kì í ṣe Ògbóòró nìkan ni irú rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú kẹ̀kẹ́ tí a ń sọ. Kẹ̀kẹ́ ológeere lásán kò ṣe àjèjì sí awakọ̀ kankan. Raleigh àtijọ́ tí àwọn bàbá wa gùn, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ju nǹkan bí ogún kílò lọ. Ènìyàn kan lè gbé e sókè, ó sì ṣeé fi lélẹ̀ pẹrẹsẹ. Àwọn tó ń fa wàhálà ni àwọn tí ara wọn kò tẹ́. Èkíní ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti àwọn aláàbọ̀ ara, tí pẹ́dàlì rẹ̀ wà ní ọ̀gangan àyà dípò ìsàlẹ̀. Èyí tí a wọ̀n ní Ògbóòró gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó sì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Kò ṣeé ká, ó sì wúwo ju Raleigh méjì lọ. Èkejì ni kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń ta yíìsì kiri, tí àpótí ńlá wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kẹ̀kẹ́ tí wẹ́dà ti jó irin mọ́ nídìí kí ó lè gba àpò èédú tàbí kéègì omi mẹ́rin. Irú rẹ̀ pọ̀ ní abúlé wa. Ẹ̀kẹrin ni èyí tó ní ẹ̀rọ, tó ní pátákó ẹrù lẹ́yìn bíi Kẹ̀kẹ́ Màrúwà. Ẹ rántí pé orúkọ Buba Marwa, ẹni tó ṣe alákòóso ìjọba ológun ní Èkó láti 1996 sí 1999, ni àwọn ará Èkó fi pe kẹ̀kẹ́ yẹn.

Àwọn àgbàlagbà lè sọ pé ṣebí a ń gbé kẹ̀kẹ́ wọ mọ́tò láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kí ló wá dé? Òótọ́ ni wọ́n wí. Bọ̀lẹ̀kájà ní ara pákó, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì lè dúró láàárín ẹrù àti èrò. Rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 ní kọ́ọ̀ṣì ẹrù ọ̀tọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí. Ṣùgbọ́n rélùwéè gba Òṣogbo lọ sí Jẹ́bà ní tirẹ̀, kò yà sí Òkè-Ògùn títí di òní. Bọ̀lẹ̀kájà náà sì ti lọ. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ti fi ìjókòó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní irin ìdèrù lórí, àti Máíkírà tí kò gbà ju èrò àti àpò kan lọ. Ọ̀kadà, tó gba orúkọ rẹ̀ lára ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air, ni àwọn ènìyàn wá ń gùn níbi tí wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ ṣe dín kù lójú ọ̀nà ni àwọn awakọ̀ kò mọ bí a ti ń dì í mọ́. Ọmọkùnrin tó di kẹ̀kẹ́ obìnrin yẹn lè má tíì di kẹ̀kẹ́ kankan rí kí ó tó di ọjọ́ náà.

A kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo awakọ̀ ni ọ̀tá. A jókòó ní gáréèjì, a sì bá wọn sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye epo ti lọ sókè ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ, ìjókòó kan ṣoṣo tó ṣófo sì ń dun awakọ̀. Ó ń wo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ń ṣírò àkókò tí yóò fi gbé e gun orí mọ́tò, àkókò tí yóò fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí yóò ti kó èrò lọ ní iwájú. Ẹ̀rù àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sì tún ń bà á, nítorí ẹrù tó bá yọ síta lára ọkọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ láti ọdún 1977, kí ti ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988, nítorí náà àwọn awakọ̀ wa ti mọ ìtanràn tipẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá awakọ̀ dúnàádúrà, kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ká a lára.

Òfin wà pẹ̀lú. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó kà á léèwọ̀ láti fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí pé ó jẹ́ aláàbọ̀ ara. Ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000 tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó jẹ méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́, ₦1,000,000 ni. A kò ní kí ọmọ ẹgbẹ́ wa gbé awakọ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ìlú kan náà lọ sí kóòtù. Lójú tiwa, òfin yìí wúlò jù lọ bí alága ẹgbẹ́ bá mú un dání lọ bá àwọn olórí gáréèjì, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe àánú ni a wá tọrọ.

Ẹ má ṣe rò pé ìlú wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gba kẹ̀kẹ́ tí kò ká ní ọjọ́ iṣẹ́ láti aago méje ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, àti láti aago mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́, nítorí èrò. Èyí tó ṣeé ká ń wọlé nígbàkígbà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ìlú ní irin níwájú tí a ń gbé kẹ̀kẹ́ méjì tàbí mẹ́ta kọ́, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í wọ inú rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń fi aago àti ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ ṣe òfin. Àwa náà lè lo aago. Mọ́tò àkọ́kọ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ kì í kún bí èyí tó gbéra ní aago mẹ́jọ, ẹni tó bá sì dé kí wọ́n tó kó iṣu ni yóò yan ibi tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò wà.

Nísinsìnyí, bí a ti ń di í. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, kí ẹ sì kà á sí etí ẹni tí kò mọ̀wé.

Ẹ má ṣe gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí gáréèjì bí ó ti wà. Ẹ tú ohun tó bá yọ síta lára rẹ̀ nílé. Ti ológeere, ẹ tú ẹsẹ̀ iwájú, ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí ó bá ara rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ sì tú pẹ́dàlì méjèèjì. Ibi pẹ́dàlì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba irin jẹ́. Ti apá ọ̀tún ń tú sí òsì bíi nọ́ọ̀tì gbogbo, ṣùgbọ́n ti apá òsì yàtọ̀, ọ̀tún ni a ń yí i sí kí ó tó tú. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ó má baà máa tú fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá ń gùn ún. Ẹni tí kò mọ èyí á fi gbogbo agbára rẹ̀ mú un le sí i, títí tí ẹnu rẹ̀ yóò fi jẹ. Ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ yọ tìmùtìmù ìjókòó, ẹ tú ẹsẹ̀ iwájú bí ó bá ṣeé tú, kí ẹ sì fi àkísà wé ṣéènì kí gírísì rẹ̀ má baà ba aṣọ ẹlòmíràn jẹ́. Aṣọ tó bá gírísì pàdé ti dá ìjà sílẹ̀ nínú mọ́tò ju bí ẹ ti rò lọ. Gbogbo nọ́ọ̀tì àti bóòtù, ẹ dà wọ́n sínú agolo mílíìkì kan, kí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ gbé agolo náà lọ́wọ́, kí ó má fi sórí mọ́tò. Kí sípánà rẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀.

Okùn kò gbọdọ̀ gba àárín sípóòkì kọjá láé. Sípóòkì lágbára láti gbé ènìyàn, nítorí gbogbo wọn jọ ń fà á ni. Ṣùgbọ́n bí okùn bá fà wọ́n láti ẹ̀gbẹ́, wọn kò lágbára kankan. Irin ńlá tó jẹ́ egungun kẹ̀kẹ́ ni a ń so okùn mọ́, ní ibi méjì ó kéré tán, iwájú àti ẹ̀yìn. Rọ́bà tíúbù àtijọ́ tí a gé gbọọrọ dára ju okùn ọ̀rá lọ, nítorí ó ń fà, ó sì ń padà, kì í dẹ̀ bí mọ́tò bá kó sí gegele. Kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó má dùbúlẹ̀. Bí ó bá dùbúlẹ̀, irin ìyíwọ́ ni yóò máa gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀. Ẹrù ńlá ni kí a kọ́kọ́ tò, kí kẹ̀kẹ́ wá kẹ́yìn sórí rẹ̀, kí ohunkóhun má sì gun orí kẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni kí a sọ fún kọ́ńdọ́ létí gbogbo èrò, kí ẹni tó bá kó iṣu dé lẹ́yìn mọ̀ pé kì í ṣe ìgbéraga.

Èyí tó ní ẹ̀rọ, ẹ má ṣe gbé e sórí mọ́tò èrò pẹ̀lú epo nínú. A tẹnu mọ́ ọn. Ẹ fa epo rẹ̀ tán, ẹ yọ bátìrì rẹ̀, kí ẹ sì wá lọ́rì tí kò kó èrò. Àwọn kẹ̀kẹ́ oníná mànàmáná tó ti ń wọ ìlú wa báyìí náà ní ewu tiwọn. Iná tó máa ń sọ lára bátìrì wọn ló mú kí wọ́n dá wọn dúró nínú ọkọ̀ ojú irin Lọ́ńdọ̀nù láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2025, àfi èyí tó bá ṣeé ká.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí a dá iye kẹ̀kẹ́ kí ó tó gun orí mọ́tò, níwájú ẹni kejì. Bí gáréèjì bá ní ìwé ẹrù, kí a kọ ọ́ sí i pé kẹ̀kẹ́ kan, àwọ̀ rẹ̀, àti pé ó pé pérépéré nígbà tí a gbé e. Obìnrin Ògbóòró kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, ìdí nìyí tí awakọ̀ fi lè sọ pé bóyá ó ti wọ́ tẹ́lẹ̀.

Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé awakọ̀ ń gba ₦1,500 lórí kẹ̀kẹ́ ní àlọ, tó sì gba iye kan náà ní àbọ̀. ₦3,000 nìyẹn. Bí ó bá lọ sọ́jà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóṣù, ó di ₦12,000. Bí ẹ̀yáwó bá jẹ́ ti oṣù mẹ́wàá, ó di ₦120,000, iye kan tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, tí onídùúró kò mọ̀, tí ìgbìmọ̀ kò sì gbọ́ rí. Ẹni tó ń san án nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó kẹ̀kẹ́, irú kẹ̀kẹ́ yòówù kí ó jẹ́, ẹ kọ ìlà kan kún fọ́ọ̀mù: mọ́tò wo ni yóò máa gbé e, èló, ta ni yóò sì máa tún un ṣe? Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ àti ṣéènì kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ni kí ẹ gbà wọ́n níyànjú láti rà, nítorí àtúnṣe rẹ̀ wà ní abúlé gbogbo. Ní ìlú Jọ́ọ̀sì, ibùdó Beautiful Gate tí Ayuba Gufwan dá sílẹ̀ ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ afọwọ́wà fún àwọn aláàbọ̀ ara láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú òun fúnra rẹ̀ ní kékeré. Ẹgbẹ́ tó bá ní irú ọmọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè kọ̀wé sí wọn kí ó tó ná owó.

Ohun tí a dá lábàá fún ẹgbẹ́ Ògbóòró ni pé kí àwọn tó ń lọ sí ọjà Ṣakí jọ ṣátà bọ́ọ̀sì kan. A bá wọn ṣírò rẹ̀ lórí tábìlì, a kọ́kọ́ fi iye tí a fojú dá ṣe é. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́jọ ni wọ́n ń lọ. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń san ₦3,500 lórí ara rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀, ₦28,000 ni gbogbo rẹ̀. Bí awakọ̀ bá ní ₦30,000 ni òun yóò gbà fún gbogbo bọ́ọ̀sì, ₦2,000 ni ó lé. Bí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ bá san ₦1,500 tí ì bá san tẹ́lẹ̀, ₦500 péré ni ó kù fún àwọn méje yòókù láti pín. Wọn yóò tú ìjókòó ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ yóò dúró nínú mọ́tò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, èlùbọ́ yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ bi wá pé, “Ọ̀gá, bí èèyàn mẹ́ta nínú mẹ́jọ kò bá lọ lọ́jọ́ kan ńkọ́?” Ìbéèrè tó dára ni. A ní kí wọ́n máa gba owó ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjà, bí kò bá sì pé ènìyàn mẹ́fà, kí wọ́n padà sí mọ́tò gáréèjì ní ọjọ́ yẹn, kí wọ́n sì di kẹ̀kẹ́ bí a ti ṣàlàyé rẹ̀.

Ní ti gbèsè, ìgbìmọ̀ gbà pé àwọn náà jẹ̀bi díẹ̀, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Wọ́n sún sísan owó síwájú fún oṣù mẹ́ta láì fi èlé kún un. Owó ẹsẹ̀ iwájú àti ṣéènì jáde láti inú owó ìrànwọ́ tí ìpàdé gbogbogbòò ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀, obìnrin náà sì san owó iṣẹ́ wẹ́dà fúnra rẹ̀. Awakọ̀ náà kò san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó wá sí ìpàdé, ó jókòó, ó sì gbọ́. A ka ìyẹn sí ohun kan.

Nígbà tí a tún dé Ògbóòró, a ṣí ìwé náà sí ojú-ewé yẹn kí a tó ṣí ibòmíràn. Oṣù méjì ti wọlé, bírò búlúù. Bọ́ọ̀sì ṣátà ti lọ sí Ṣakí ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó kùnà ní ẹ̀ẹ̀kan nítorí òjò. ₦32,000 ni awakọ̀ gbà níkẹyìn, kì í ṣe ₦30,000 tí a fojú dá. Ọ̀kan nínú àwọn onídùúró ṣì ń bínú, ó ní òun kò ní dúró fún ẹnikẹ́ni mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn tí kẹ̀kẹ́ tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n yá owó rà bá ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kí akọ̀wé rẹ̀ kọ ọjọ́, irú ọkọ̀ àti bí wọ́n ti dì í sílẹ̀ lórí ìwé ọ̀tọ̀, kí ó sì fi í sínú ìwé ẹ̀yáwó kí a tó dé.